Bí Òkété Ṣe Fi Háhá Àgbàdo Ṣe Etí

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ kò tíì jí. Mo ní àlọ́ o!

Àlọ̀ o!

Ó dára. Àlọ́ mi yìí fò sókè, ó balẹ̀ gìdì, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká àgbàdo, ó tẹ́ etí méjèèjì sílẹ̀, ó ń gbọ́ ohun tí Òkété ń ṣe lábẹ́ ilẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ti rí i pé ẹ yí àga yín síhìn-ín.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń gbọ́ èdè ara wọn, ọmọbìnrin kan wà ní abúlé Ìdí Àfọ̀n. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Ògúndépò, àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀pà ni. Ní ọjọ́ kan tí Ògúndépò ń roko ẹ̀pà, ó rí ọmọ ehoro kan láàárín ebè. Kò ju ìkúùkù lọ. Àṣá ti gbé ìyá rẹ̀ lọ kó tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ògúndépò fi fìlà gbé e wálé, ó sì gbé e lé Àwẹ̀ró lọ́wọ́.

Ọmọ náà tọ́jú ehoro yìí bí ẹni ń tọ́jú àbúrò. Ó ń ki òwú bọ inú wàrà ewúrẹ́, ó ń fún un sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ehoro dàgbà tó ẹni tí ń jẹ ewé, ewé ọ̀dùnkún tútù ni Àwẹ̀ró ń já fún un. Etí rẹ̀ gùn, ó dúró ṣánṣán, ó ń dán, ni Àwẹ̀ró bá sọ ọ́ ní Etílọlá. Ògúndépò mọ àgọ́ kékeré kan fún un, ó so ó mọ́ ara àká tí wọ́n ń kó àgbàdo àti ẹ̀pà sí. Bí Àwẹ̀ró bá ti ṣí ilẹ̀kùn àgọ́ báyìí, Etílọlá á bẹ́ jáde, á fò sókè, á yí ara po kó tó balẹ̀, á sì sáré yí àgbàlá ká títí eruku á fi sọ.

Ṣùgbọ́n ìgbà ìkórè dé. Gbogbo ilé ń jáde lọ sóko láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wọlé. Etílọlá nìkan ló ń kù sílé. Nígbà tó yá, kò fò mọ́. Ó kọjú sí ògiri, ó jókòó bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ẹnu fa irun àyà ara rẹ̀ tu. Ewé tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀ láàárọ̀ á ti rọ kí wọ́n tó ti oko dé, kò ní fẹnu kàn án.

Ògúndépò wò ó, ó mi orí. Kì í ṣe ìkà ènìyàn, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ ni, kò sì fẹ́ràn kí nǹkan máa ṣòfò. Ó ní bí ehoro náà bá fẹ́ fi ebi pa ara rẹ̀, kí àwọn kúkú jẹ ẹ́ kó tó gbẹ tán.

“Bí a bá kórè tán tí kò tíì máa jẹun,” ló wí, “ọbẹ̀ ni, Àwẹ̀ró.”

Àwẹ̀ró sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ìyá rẹ̀ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ó sọ fún un pé òun ti yẹ ehoro náà wò láti ẹnu dé ìdí, òun kò rí àìsàn kankan lára rẹ̀.

“Dídá wà ló ń ṣe é,” ni ìyá wí. “Wá ẹni tí yóò máa bá a gbé.”

Ọ̀rọ̀ yìí là á lójú. Ó nu omijé nù, ó sáré gun orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, ó sì kígbe sínú igbó pé òun ń wá alábàágbé fún Etílọlá. Ó ní ẹni tí òun bá mú yóò sùn nínú ilé tí òjò kì í dé, yóò jẹ ewé tútù láàárọ̀, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà ní ìrọ̀lẹ́.

Kíá, ariwo gba igbó. Ẹyẹ sọ fún ọ̀bọ, ọ̀bọ sọ fún ọ̀kẹ́rẹ́, ọ̀kẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ dúró gbọ́ parí kó tó máa sáré lọ sọ fún ẹlòmíràn. Ilé tí òjò kì í dé, ẹ̀pà lójoojúmọ́! Àwọn ẹranko bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀, wọ́n ń ya irun, wọ́n ń fi ara gbún ara wọn lójú ọ̀nà.

Àkùkọ ló kọ́kọ́ dé. Ó ní òun kò ní í rìnrìn-àjò kankan, inú àgbàlá náà lòun kúkú ń gbé. Àwẹ̀ró ṣílẹ̀kùn fún un. Etílọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dijú ni, ni Àkùkọ bá fò lé e lẹ́yìn bí ẹni gun igi ìsùn, ó na ọrùn, ó sì kọ sínú etí gígùn náà gan-an. Ehoro fò, ó forí gbá òrùlé. Àwẹ̀ró rọra mú Àkùkọ ní apá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e síta.

Ewúrẹ́ ló tẹ̀ lé e. Ó ní òun ti bímọ, òun ti wò, kò sí ohun tí wọ́n ń kọ́ òun nínú ìtọ́jú. Kí Àwẹ̀ró tó yíjú padà, Ewúrẹ́ ti jẹ ewé tán, ó ti jẹ koríko tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn náà ni Ológbò dé. Ara rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ tutù. Kò béèrè ẹ̀pà, kò béèrè ewé. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ehoro náà máa ń sùn wọra. Àwẹ̀ró wo ẹnu rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀ o. Ìkórè ń lọ sópin, Etílọlá sì ń rù.

Ẹ jẹ́ kí n wá fi Òkété hàn yín. Nínú ihò kan lẹ́bàá ọ̀nà oko ló ń gbé. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo àká Ògúndépò, tó ń dá itọ́ mì. Ajá Ògúndépò ló dí i lọ́wọ́. Ẹnu àká ni ajá náà ń sùn sí, bí ẹnikẹ́ni bá sì họ ilẹ̀ níta pẹ́rẹ́, ajá á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ariwo ìhọlẹ̀ bá ti inú àgọ́ ehoro wá ńkọ́? Ajá á rò pé ehoro ló ń ṣeré. Bí Òkété ti ro èyí dé ibi tó yẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Ó mú háhá àgbàdo méjì tó funfun tó sì gùn, ó gé wọn ní ìrísí etí. Ó rọra jí àtè tí àwọn ọmọdé fi ń mú ẹyẹ, ó fi lẹ háhá náà mọ́ orí. Ìrù ló wá kù. Nígbà náà, ìrù Òkété nírun lórí dáadáa, ó sì gùn ju ti ehoro lọ jìnnà. Ó ká a kò, ó fi ìko dì í pinpin mọ́ ìdí, ó fi àtè kùn ún, ó sì lẹ òwú rúbúrúbú mọ́ ọn. Ó lọ sétí odò, ó wo ara rẹ̀ nínú omi. Ehoro ló rí. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó kí ara rẹ̀.

Ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ Àwẹ̀ró, ẹlòmíràn náà dé. Abo ehoro kan ni, Rọra ni orúkọ rẹ̀. Tàkúté ti fa etí rẹ̀ kan ya, ara rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ lẹ́wà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó sọ pé iná ìgbẹ́ ti tú àwọn ará ilé òun ká, òun nìkan lòun ń rìn láti ìgbà náà. Ó gbọ́ pé ẹnìkan wà níhìn-ín tí òun náà dá wà, ìdí nìyẹn tó fi wá.

Àwẹ̀ró kọ́kọ́ gbé Rọra wọlé. Ẹ ò rí i, Etílọlá dìde. Ó kúrò lẹ́bàá ògiri, ó ń mi imú, ó gbóòórùn Rọra lórí, Rọra náà gbóòórùn rẹ̀. Àfi bí Etílọlá ṣe gbá a lé lójijì. Rọra yí padà, ó fẹsẹ̀ nà án. Wọ́n ń lé ara wọn yí àgọ́ ká, irun ń fò. Àwẹ̀ró pariwo, ó fa Rọra jáde. Ọmọ náà kò mọ̀ pé bí àwọn ehoro ṣe ń bi ara wọn léèrè pé ta ni ìwọ nìyẹn. Ìjà ló rí.

Òkété tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan rí i pé àkókò òun tó. Ó rọra sún mọ́ tòsí, ó sì sọ̀rọ̀ bí oyin.

“Ọmọ rere, ìjà ló ya etí ìyẹn bẹ́ẹ̀. Bí o bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, òkú ni wàá bá. Ìbátan Etílọlá lèmi. Odò kan náà ni ìyá rẹ̀ àti ìyá mi jọ mu. Èmi yóò máa fọwọ́ pa á lórí, èmi yóò máa pa ìtàn fún un, èmi yóò máa fi ẹnu mi já ewé fún un.”

Àwẹ̀ró wo etí gígùn, ó wo ìrù òwú. Òórùn kan ń ṣe é bákan, òórùn ihò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn, ẹ̀rù sì ṣì ń bà á. Ó mú Òkété. Ó ní kí Rọra má bínú, kí ó máa lọ sílé.

Rọra kò jiyàn. Ó fò jáde, ṣùgbọ́n kò wọ igbó. Ó lọ sẹ́yìn àgọ́, níbi tí ògiri ti sán díẹ̀, ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni Òkété ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí àwọn ará ilé bá ti kọjá sóko, á jẹ ewé tán, á ní kí Etílọlá sún sí kọ̀rọ̀, á sì máa gbẹ́ ilẹ̀ lọ sábẹ́ àká. Nígbà tí ooru mú, ó tú ìko kó lè mí, ìrù gígùn sì jáde bọ́rọ́ níwájú Etílọlá. Ehoro mọ̀ pé ọ̀tá ló wà nílé. Ó ṣe ohun tí ehoro máa ń ṣe bí ewu bá dé: ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó fi í lu ilẹ̀. Kìdì, kìdì, kìdì.

Nírọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró gbọ́ ọ, ó sáré wá. Òkété ti di ìrù rẹ̀ padà. Ó ní ijó ni Etílọlá ń jó, ó ní ayọ̀ ti kún inú rẹ̀. Àwẹ̀ró wo àwo oúnjẹ, ó ṣófo fínnífínní. Ó fò sókè, ó pe ìyá rẹ̀, ó pe bàbá rẹ̀, ó ní Etílọlá ti ń jẹun. Ilé dùn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, Àwẹ̀ró sì dá orin. Ẹ bá mi gbè é, ẹ̀yin ọmọdé:

Etílọlá, ṣé o ti yó?
Kìdì-kìdì, ẹsẹ̀ ń dún.
Ọ̀rẹ́ tuntun wọlé dé,
Kìdì-kìdì, ẹsẹ̀ ń dún.
Jó fún wa ká lè yọ̀,
Kìdì-kìdì, ẹsẹ̀ ń dún.

Ehoro ń ké gbà mí, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Bó ṣe ń lu ilẹ̀ kíkankíkan tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbé orin náà sókè tó. Ìyá Àwẹ̀ró nìkan ló ń ṣe kàyéfì nínú ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ẹran tó ń jẹun báyìí fi ń rù sí i.

Kí ni kò jẹ́ kó kú? Rọra ni. Bí Òkété bá ti wọnú ihò lọ, Etílọlá á lọ síbi tí ògiri ti sán. Rọra á ti já koríko, á máa fi imú tì í wọlé fún un níkọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ló ń jẹ. Bí ó bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á dùbúlẹ̀, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, imú sí imú, ògiri láàárín wọn.

Ihò Òkété dé abẹ́ àká. Ọjọ́ tí ẹ̀pà àkọ́kọ́ já lù ú lórí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Ó jẹ, ó yó, ó tún kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi le. Ká ní ó dúró níbẹ̀ ni, kó máa mú díẹ̀díẹ̀, bóyá wọn ìbá má mọ̀ ọ́n títí dòní. Ṣùgbọ́n ó ní gbogbo rẹ̀ lòun fẹ́, kí ìkórè tó parí. Ó gbẹ́ yàrá ńlá kan sísàlẹ̀ tí yóò máa kó ẹrù sí. Bí ó ti ń fẹ̀ ẹ́ ló ń kó erùpẹ̀ tó gbé ìdí àká dúró kúrò.

Ọjọ́ tí ìkórè parí dé. Gbogbo ará ilé wà nílé lọ́sàn-án, wọ́n ń ru agbọ̀n àgbàdo, òógùn ń bọ́, orin ń lọ. Ògúndépò ń da agbọ̀n sínú àká. Òkété wà nísàlẹ̀, ó ń ki ẹ̀pà bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ògúndépò da agbọ̀n tó kẹ́yìn, ó sì wọnú àká kó lè fẹsẹ̀ tẹ àgbàdo náà mọ́lẹ̀.

Gbìì!

Ilẹ̀ àká ya. Ògúndépò rì sínú àgbàdo dé àyà. Ògiri àká tì, ó wó lu àgọ́ ehoro, eruku bo gbogbo àgbàlá. Nínú eruku náà ni nǹkan kan ti ta jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí ìkòkò méjì. Etí rẹ̀ kan ti bọ́ sí imú, èkejì ń fì lẹ́bàá ọrùn, òwú ń wọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ajá dúró, ó wò ó, ó bi í pé ta ni. Òkété fẹ́ sọ pé ehoro ni òun, ṣùgbọ́n ẹ̀pà ti kún ẹnu tó fi ń parọ́. Ńṣe ló ń ṣe mù-ù, mù-ù. Ajá bẹ́ sí i. Òkété fẹ́ sá, àtè ara ìrù rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ òpó tó wó. Ó fà, kò já. Ó tún fi gbogbo agbára fà, ìrù jáde, gbogbo irun rẹ̀ sì kù sára òpó. Ó sá wọgbó pẹ̀lú ìrù ìhòòhò àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti fẹ̀. Ẹ wo Òkété tí ẹ bá tún rí i, ẹ ó rí i pé irun náà kò hù padà.

Àwẹ̀ró kò wo ẹ̀yìn Òkété. Abẹ́ àwókù ni ojú ọmọ náà wà. Etílọlá wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin fa Ògúndépò yọ, wọ́n mú ọkọ́, wọ́n ń gbẹ́ ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀. Kò sí nǹkan. Nígbà náà ni ẹnìkan rí Rọra ní apá ẹ̀yìn, ó ń họ ilẹ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ yí, èékánná rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Ògúndépò rò pé ó wá jí àgbàdo ni, ó gbé igi sí i.

Ìyá Àwẹ̀ró di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. “Ẹ fi í sílẹ̀, baálé mi. Ó mọ ibi tí Etílọlá wà.”

Gbogbo wọn dákẹ́. Rọra náà dáwọ́ dúró, ó tẹ́tí. Láti ìsàlẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ, kò lágbára mọ́: kìdì. Ó pẹ́ díẹ̀. Kìdì.

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ lásán gbẹ́ erùpẹ̀. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀. Ògúndépò sọ igi nù, òun náà kúnlẹ̀. Wọ́n ń gbẹ́, Rọra ń gbẹ́ láàárín wọn, kò sì bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Etí méjì ló kọ́kọ́ yọ. Lẹ́yìn náà orí, erùpẹ̀ ti bò ó, ṣùgbọ́n ó ń mí. Àwẹ̀ró na ọwọ́ láti gbé e mọ́ àyà, ó sì rí i pé Rọra ti dé ibẹ̀ ṣáájú òun, ó ń fi ahọ́n lá erùpẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Etílọlá dojú bolẹ̀ sábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ó sinmi. Àwẹ̀ró ká ọwọ́ rẹ̀ padà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, omijé àti eruku lójú.

Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Rọra. Ó ní òun fi ojú wo etí tó ya, òun fi etí gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn, òun kò sì bi Etílọlá léèrè rí. Rọra ní kò burú, bí wọ́n bá lè jẹ́ kí òun sùn nítòsí rẹ̀.

Ògúndépò kò lè wo ojú ọmọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mọ àgọ́ mìíràn, ó fẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ògiri sáàárín rẹ̀, kí àwọn ehoro méjèèjì lè máa rí ara wọn láìfi tipátipá pàdé. Wọ́n ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá náà, wọ́n ń sùn síbẹ̀. Nígbà tí Àwẹ̀ró rí i pé kò sí ẹni tó ń gbá ẹnìkejì lé mọ́, ó yọ àwọn ọ̀pá náà kúrò. Rọra tẹ orí rẹ̀ ba. Etílọlá gbóòórùn rẹ̀, ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó fara tì í. Ewé tí wọ́n gbé kalẹ̀ láàárọ̀ náà, wọ́n jọ jẹ ẹ́ tán kí àwọn tó ń wò ó tó dìde.

Nígbà tí òjò tún rọ̀, Rọra fi irun àyà rẹ̀ tẹ́ ibùsùn, ó bí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀. Àwọn ará abúlé bẹ̀rẹ̀ sí í wá tọrọ. Obìnrin kan wá, ó ní òun fẹ́ ẹyọ kan fún ọmọ òun tí yóò máa fi ṣeré. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ kí i, ó sì dá a lóhùn pé, “Ẹ má bínú, mà. Méjì méjì ni mo ń fún ènìyàn.”

Ìdí tí mo fi pa àlọ́ yìí fún yín rèé. Ẹni tó bá fẹ́ yan alábàágbé fún ẹlòmíràn, kó má fi ojú ara rẹ̀ yàn án, kó má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dídùn yàn án. Kó wo ẹni tí yóò dúró lẹ́yìn ògiri nígbà tí kò sí ẹ̀pà kankan níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá sì ń fẹsẹ̀ lu ilẹ̀ nínú ilé yín, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ wo ohun tó ń ṣe é kí ẹ tó pàtẹ́wọ́.